Ìtàn Àwọ̀ Tó Wà Lára Kóòdù, àti Bó Ṣe Bá Wa Rí Orúkọ Àwọn Àgbà Wa

Ẹ ò lè mọ ohùn mi dáadáa, nítorí ẹ̀yìn ni mo máa ń wà. Èmi ni mò ń gé ohùn, tí mò ń to ohùn, tí mò ń yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní kí n wá jókòó síwájú máìkì lónìí nítorí pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú ìkànnì wa kógbá wọlé. N kò ní dárúkọ wọn. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n tó lọ ni fódà kan tó kún fún ohùn, àti fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sql. Àwọn ohùn náà pé: àwọn onílù, àwọn aláró, àwọn awakọ̀ àtijọ́, àwọn ìyá tó ti ń tajà láti ayé ṣílè àti kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni orúkọ tó wà lára wọn. 0041, 0042, 0043. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú 0042? Ìlú wo ni? Ọjọ́ wo la lọ síbẹ̀? Inú fáìlì .sql yẹn ni ìdáhùn wà. Àwọn kan nínú àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sì ti di ẹni àná. A ò lè padà lọ bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ eléyìí?”

Fáìlì náà sì ti bàjẹ́. Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti di wúruwùru. Mo gbé e fún MySQL pé kó gbé e wọlé. Ó ń kà á bọ̀, ó dé ibẹ̀, ó ní àṣìṣe wà, ó sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìdí ni pé inú àṣẹ INSERT kan ṣoṣo, tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ni wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa sí. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá ní àbùkù níbì kan, gbogbo rẹ̀ ni MySQL máa dà nù. Kò ní mú èyí tó dára kó fi èyí tí kò dára sílẹ̀.

Ohun tó wá kó wa yọ ni àwọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù: bí ènìyàn bá ṣí kóòdù nínú ẹ́dítọ̀, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń kọ ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ àṣẹ bíi SELECT àti INSERT lè jẹ́ búlúù, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò lè pọ́n, àlàyé tí ẹni tó kọ ọ́ kọ fún ara rẹ̀ lè jẹ́ àwọ̀ ewé. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni àwọn oníkóòdù ń pè ní syntax highlighter. Èmi a máa pè é ní akùnkóòdù lónìí, kí ahọ́n mi lè sinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdílé SQL fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní California, gbé ìwé kan jáde. Ó ní kí a máa tọ́jú dátà sínú àtẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè nǹkan má ṣe nílò láti mọ kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kó o pamọ́ sí. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, ní IBM kan náà, wá ṣe èdè tí a ó fi máa béèrè. Wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1974, wọ́n sì pè é ní SEQUEL. Boyce kú ní ọdún náà gan-an, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èmi náà ò tíì pé ọgbọ̀n, mo sì dúró díẹ̀ nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ẹni yẹn kò rí ọ̀kan nínú gbogbo báńkì àti ilé ìwòsàn tó ń fi èdè rẹ̀ ṣiṣẹ́ lónìí. Orúkọ náà kò tilẹ̀ pẹ́: ilé-iṣẹ́ mìíràn ti fi òfin gba SEQUEL, ni wọ́n bá gé e kù sí SQL.

Àwọn tó sáré gbé e lọ sọ́jà kọ́ ni IBM. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó wá di Oracle ló kọ́kọ́ tà á, ní ọdún 1979. Àjọ ANSI ní Amẹ́ríkà kò kọ òfin fún un títí di 1986, ti ISO sì dé ní 1987. Ọjà ti kún kí òfin tó dé, kálukú sì ti ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, bí ìgbà tí ará Èkìtì àti ará Ẹ̀gbá bá pàdé: wọ́n gbọ́ ara wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan á wà tí yóò dá ìjà sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ka èdè yìí sọ́kàn, torí òun ló fìyà jẹ mí.

Ó wá ku bí ẹ̀rọ ṣe ń ka irú èdè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀nà kìíní ni ti parser. Parser máa ń tú gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, á sì tò ó bí igi: èyí ni orí, èyí ni ẹ̀ka, èyí ni ewé. Donald Knuth kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó lágbára jù lórí rẹ̀ ní ọdún 1965. Bí gbólóhùn bá pé, parser á mọ gbogbo ìtumọ̀ tó tò síbẹ̀. Bí kò bá pé, á ní òun ò gbà. MySQL tó kọ̀ fáìlì mi, parser inú rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ò ní retí. Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ń ronú nípa iṣan ọpọlọ: irú àmì wo ni àwọn iṣan tí a bá so pọ̀ lè dá mọ̀? Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1956 ni ohun tí a wá ń pè ní regular expression ti jáde, ìyẹn ọ̀nà láti ṣàpèjúwe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìsọ ọ̀rọ̀ náà gan-an. “Ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì àyọlò tó sì parí pẹ̀lú àmì àyọlò”: regular expression lè sọ ìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ken Thompson ni ó fi wá àwọn ọ̀rọ̀ inú fáìlì, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1968. Ní 1973 ni grep ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti fi grep wá nǹkan rí mọ̀ pé kò ní ìgbéraga. Ohun tó bá rí ni yóò mú wá fún ọ. Kò ní sọ pé ìwé rẹ kò pé.

Mo fẹ́ràn ibi tí ìtàn yìí máa gbà báyìí. Ní ọdún 1984, Oxford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá wọn, ìyẹn OED, sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn atẹ̀wé tó tó 120 ló jókòó ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. IBM ní Britain fi ẹ̀rọ àti ènìyàn ràn wọ́n lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ni Mike Cowlishaw. Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: orí ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń pè é, ibi tó ti wá, ìtumọ̀ kìíní, ìkejì, ẹ̀rí láti inú ìwé àtijọ́ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kún fún àmì tó ń sọ ibi tí èyí parí tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè gbé e.

Cowlishaw kọ ẹ́dítọ̀ kan tó pè ní LEXX, ní ọdún 1985. Bí o bá ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ ni LEXX ń kà á, tó sì ń fún apá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tàbí irú lẹ́tà tirẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tó ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé. Ó ti ṣí àmì kan, kò tíì pa á dé. Bí ẹ́dítọ̀ bá ń dúró, tó ń ní “n ò gbà, n ò gbà” ní gbogbo ìgbà tí nǹkan kò bá pé, ta ló máa lò ó? Akùnkóòdù gbọ́dọ̀ kọ́ láti ka ohun tí kò pé, kó sì máa lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ìwà rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní 1989, ní ìdìpọ̀ 20.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ di ohun tó wọ́pọ̀, n kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ dá yín dúró. Ẹ jẹ́ ká fò dé ọdún 2004, nígbà tí Allan Odgaard, ará Denmark, gbé TextMate jáde fún ẹ̀rọ Mac. Ohun tó ṣe rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Ó kó òfin èdè kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kó sì tún ṣe. Regular expression ló kún inú àwọn fáìlì yẹn. Kò sì sọ pé “kun eléyìí ní pupa”. Orúkọ ló fún nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì àyọlò ń jẹ́ string.quoted.single.sql. Àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dáàṣì méjì ń jẹ́ comment.line.double-dash.sql. Ó dà bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn láti orí agboolé, dé orí ìdílé, dé orí bàbá, kí a tó wá dé orúkọ àbísọ. Àwọ̀ wulẹ̀ ń tẹ̀lé orúkọ náà ni, bí aṣọ ṣe ń tẹ̀lé ènìyàn.

Ìlà kan lẹ́ẹ̀kan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń kà. Kì í wo ẹ̀yìn, kì í wo iwájú. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé láti ìlà kan lọ sí èkejì ni ìrántí ohun tó ti ṣí sílẹ̀ tí kò tíì pa dé.

Sublime Text gba ọ̀nà Odgaard yìí. Atom gbà á. Nígbà tí Microsoft gbé VS Code jáde ní 2015, òun náà gbà á, wọ́n sì yọ apá tó ń kàwé náà sọ́tọ̀ sínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní vscode-textmate, tí ènìyàn lè fi sínú prógráàmù tirẹ̀. Fún un ní ìlà kan, yóò dá a padà fún ọ ní wẹ́wẹ́, pẹ̀lú orúkọ lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yé mi sí nìyẹn, ní nǹkan bíi aago méjì òru: abẹ́ gbogbo àwọ̀ yẹn, ẹnì kan wà tó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé “ọ̀rọ̀ ènìyàn nìyí, àṣẹ ẹ̀rọ nìyẹn”. Ohun tí mo sì nílò gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ènìyàn kúrò nínú àṣẹ ẹ̀rọ.

Mo ṣí fáìlì náà nínú VS Code. Kò sí àwọ̀ kankan lára INSERT wa. Funfun báláú. Àṣé ẹ́dítọ̀ náà kì í fún ìlà tó bá gùn ju lẹ́tà 20,000 lọ ní àwọ̀, àyàfi tí o bá yí ètò rẹ̀ padà, kí ẹ̀rọ má baà kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Tiwa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mo wá kọ prógráàmù kékeré kan ní JavaScript tó pe vscode-textmate fúnra rẹ̀. Ìyẹn gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jáde. Àkọsílẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo yí sódì, bí ẹni tó wọ dàńṣíkí tó fi inú rẹ̀ síta. Kọ́mà àti àkámọ́ di “ọ̀rọ̀ ènìyàn”. Orúkọ àwọn bàbá àti ìyá di “àṣẹ ẹ̀rọ”. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ojú ewé bíi mélòó kan, ló bá tún ṣàdédé bọ̀ sípò, ló bá tún yí sódì.

Èmi ni mo jẹ̀bi, ní ọ̀nà kan. Èmi ni mo máa ń kọ àkòrí ètò wa, mo sì fẹ́ràn àmì ìpajẹ. “Ẹ wá gb'ọ́rọ̀ aláró.” Àmì ìpajẹ yẹn àti àmì tí SQL fi ń ṣí ọ̀rọ̀ tó sì fi ń pa á dé, ọ̀kan náà ni wọ́n. MySQL mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀, nítorí náà nígbà tó ń kó dátà wa jáde, ó fi backslash sí iwájú rẹ̀, báyìí: 'Ẹ wá gb\'ọ́rọ̀ aláró'. Ìyẹn ni pé, má dúró níbí, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Àmọ́ òfin SQL tó bá VS Code wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe SQL Server ní Microsoft ló ti wá. Ní SQL Server, backslash kò ní irú agbára yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ àmì ìpajẹ, wọ́n máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ̀ka èdè tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Akùnkóòdù dé orí gb\', ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣí ló ń pa dé, ohun tó yẹ kó pa dé ló ń ṣí, títí àkòrí mìíràn tó ní àmì ìpajẹ fi tún un ṣe ní èèṣì.

Mo ṣí fáìlì òfin náà, mo fi kún un pé ohunkóhun tó bá tẹ̀lé backslash, kó fò ó. Kò ju ìlà méjì lọ. Mo tún un sáré, àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò jáde.

Nígbà tó dé ibi tó bàjẹ́, ibi tí MySQL ti kọ̀, kò kọ̀. Ó gba orí wúruwùru náà kọjá. Lóòótọ́ ó yí sódì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí àmì kan ti sọnù níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí sódì ṣe ń rí báyìí. Mo wá ibi tí àkọsílẹ̀ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀, mo gé fáìlì síbẹ̀, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun láìrántí nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ márùn-ún péré ló bá ibẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní akùnkóòdù jẹ́ parser o. Kò mọ ìtumọ̀ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé ègé kẹta ni orúkọ ìlú. Èmi ni mo ń ka kọ́mà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn àtẹ tí àṣẹ SQL kan ń fọwọ́ kàn, tí ẹ wá ní kí akùnkóòdù mú ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé FROM wá, ìtìjú lẹ ń wá. Ohun tó tẹ̀lé FROM lè jẹ́ ìbéèrè mìíràn nínú àkámọ́, ó sì lè jẹ́ orúkọ tí wọ́n kàn dá sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá sì kọ àṣẹ SQL sínú àmì àyọlò kí ẹ̀rọ tó wá ṣe é lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ènìyàn ni akùnkóòdù máa pè é. Iṣẹ́ báńkì kọ́ nìyí. Iṣẹ́ àjókù ilé ni.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Max Brunsfeld, tó ṣiṣẹ́ ní GitHub nígbà kan, ṣe tree-sitter, ó sì wọ inú Atom ní 2018. Igi gidi ló ń tò, bíi ti Knuth, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tí kò yé e, yóò kọ ERROR síbẹ̀, yóò sì tò ìyókù lọ. Ká ní MySQL ní irú sùúrù yẹn ni, n kò ní pàdánù oorun ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti Atom pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ṣùgbọ́n tree-sitter ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ẹ́dítọ̀ mìíràn.

Ó dáa. 0042 ni ìyá aláró kan ní Òṣogbo. Gbogbo ìgbà yẹn, mo ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ìyá kan ní Abẹ́òkúta ni, mo tilẹ̀ fẹ́ búra. Ọmọ ìyá náà ti gba ẹ̀dà ohùn wọn báyìí.

Nínú àkọsílẹ̀ márùn-ún tó sọnù, a ti fi etí dá mẹ́ta mọ̀, torí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dárúkọ ara wọn tàbí ìlú wọn. Ó ku 0117 àti 0118. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, àgbà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rélùwéè ni wọ́n ń sọ, mo sì rò pé ohùn kejì ní ohùn ará Ìjẹ̀bú díẹ̀. A ti gé ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìparí ètò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin náà ẹ tẹ ibi ohùn lókè kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá mọ ohùn bàbá yín, tàbí ti bàbá àgbà yín, tàbí ti ẹnì kan ní àdúgbò yín tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ kọ̀wé sí wa.

[Ohùn 0117 wọlé.]